Èéfín dúdú la gbájú mọ́, òjé tí ò rùn ló ń ṣọṣẹ́: ọ̀rọ̀ yáàdì bátìrì kan l'Ógbómọ̀ṣọ́

N ò ní dárúkọ àdúgbò o, n ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, torí àwọn tọ́rọ̀ kàn ṣì jọ ń gbébẹ̀, wọ́n ṣì ń kí ara wọn láàárọ̀. Ẹ ṣáà mọ̀ pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni, lápá ibi téèyàn ń gbà jáde sí Ìlọrin. Àwa wolé-wolé àtẹ̀yin ọmọ yunifásítì tẹ́ ẹ ń gbé ẹ̀rọ kiri láti wọn afẹ́fẹ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀, torí ó ti ń pọ̀ jù, ká dé ibì kan, ká wọn nǹkan fún wákàtí kan àbọ̀, ká kọ "kò séwu" sórí ìwé, ká gbowó ọkọ̀, ká máa lọ.

Bọ́rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ń ṣe rewáyà àti bátìrì mọ́tò, ó ti pẹ́ níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù kékeré ni, kò sẹ́ni tó bá a jà rí. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, tówó epo fò sókè, tí jẹnẹrétọ̀ di nǹkan tí kálukú ń fojú tẹ́ńbẹ́lú, gbogbo èèyàn bá yà sí sólà. Ẹni tí ò lágbára bátìrì lítíọ́ọ̀mù ra bátìrì tọ́búlà, ẹni tí ò lágbára tọ́búlà ra tòkúńbọ̀, tòkúńbọ̀ sì nìyẹn, kì í pẹ́ kú. Tó bá ti kú, kòńdẹ́mù ni, àwọn ọmọ tó ń ti ọmọlanke kiri á rà á ní kílò-kílò, ọ̀dọ̀ bàbá yìí ni wọ́n sì ń kó o lọ. Ṣọ́ọ̀bù bá di yáàdì. Wọ́n ń fi àáké la bátìrì, wọ́n ń da ásíìdì rẹ̀ sí gọ́tà, wọ́n ń kó òjé inú ẹ̀ (ohun tí òyìnbó ń pè ní lead) sínú ààbọ̀ dúrọ́ọ̀mù, wọ́n ń yọ́ ọ lórí èédú tí fáànù ń fẹ́. Òjé kì í pẹ́ yọ́, tí iná bá ti gbóná dé nǹkan bí 327 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó ti ń ṣàn nìyẹn, èédú tí fáànù ń fẹ́ sì máa ń gbóná ju ìyẹn lọ dáadáa. Wọ́n tún ń sun wáyà nítòsí ẹ̀ láti yọ kọ́pà. Rọ́bà ara wáyà yẹn ló ń mú èéfín dúdú jáde, òun náà ló ń bí aládùúgbò nínú.

Ẹ fi ojú inú wo bí ibẹ̀ ṣe tò, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Yáàdì wà lókè díẹ̀. Ilé ìwé kan, nọ́sìrì àti praímárì, wà nísàlẹ̀ ẹ̀ lápá gúúsù ìwọ̀ oòrùn. Lẹ́yìn ilé ìwé ni àpáta pẹlẹbẹ kan wà táwọn ìyá méjì-mẹ́ta ń sá láfún sí (Ògbómọ̀ṣọ́ náà kọ́, ta ló máa sọ pé ká má sá láfún?). Ilé àwọn èèyàn wà káàkiri láàárín.

Ẹ̀sùn táwọn lándílọ́ọ̀dù kọ ni pé èéfín ń rùn, ojú ń ta wọ́n, aṣọ tí wọ́n bá sá ń dúdú, ọmọ kan tó ní ásímà ò lè sùn lóru. Kò sẹ́ni tó dárúkọ òjé nínú ìwé ẹ̀sùn yẹn. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ dárúkọ ẹ̀, òjé tó bá di èéfín kì í rùn bíi rọ́bà, kì í sì í ṣú dúdú.

Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ gbà ni ọmọkùnrin kan tó ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn PM2.5, ìyẹn eruku tó kéré débi pé ó máa ń wọnú ẹ̀dọ̀fóró lọ tààrà. Oṣù keje ni, òjò ń rọ̀, ọ̀sán gangan, ó dúró sẹ́nu géètì ilé ìwé, ẹ̀rọ fi gíríìnì hàn, ó ya fọ́tò ẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí WhatsApp àwọn lándílọ́ọ̀dù. Ká tó wí ká tó fọ̀, bàbá onírewáyà ti tẹ fọ́tò yẹn jáde, ó fi lámíńétì bò ó, ó kàn án mọ́ ara ògiri. Gbogbo ẹni tó bá wá bá a jà, á nawọ́ sí fọ́tò. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà fún bí oṣù mélòó kan.

Ẹ̀rọ yẹn ò parọ́ o. Ìbéèrè tí wọ́n bi í ni ò dáa. Àkọ́kọ́, nígbà òjò, láti ìhà gúúsù ìwọ̀ oòrùn ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá bá wa, torí náà láti ilé ìwé ló ń fẹ́ lọ sí yáàdì, èéfín ń gba ẹ̀yìn lọ. Nígbà ọyẹ́ ni atẹ́gùn máa ń yí padà tí á máa ti àríwá ìlà oòrùn fẹ́, ìgbà yẹn ni ilé ìwé ń bọ́ sójú ọ̀nà èéfín. Ìkejì, wọn kì í dáná lọ́sàn-án. Ìkẹta, ẹ̀rọ yẹn ń ka eruku ni, ìmọ́lẹ̀ ló fi ń kà á, kò mọ̀ bóyá iyanrìn ni, èéfín ààrò ni, àbí òjé. Ẹnikẹ́ni tó bá fi nọ́ńbà PM2.5 nìkan pinnu pé kẹ́míkà olóró ò sí níbì kan, iṣẹ́ tí wọn ò gbé fún ẹ̀rọ ló ń rán an.

Nígbà tí wọ́n wá pè wá, a ò tíì gbé ẹ̀rọ kankan jáde, a kọ́kọ́ jókòó ni. Ọ̀nà táwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Amẹ́ríkà là sílẹ̀ lọ́dún 1983 la ṣì ń tọ̀ dòní nínú iṣẹ́ yìí: kí ni nǹkan olóró tó wà níbẹ̀, báwo ni ìwọ̀n ẹ̀ ṣe ń ṣe èèyàn, báwo ló ṣe ń dé ara èèyàn, ṣé ọ̀nà imú ni àbí ẹnu, fún wákàtí mélòó, fún ọdún mélòó, lẹ́yìn náà ká wá kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ ká sọ bí ewu ṣe tó. Àwọn èèyàn wa máa ń sáré gba ìkẹta kọjá. Bẹ́ẹ̀ òun ló ń jẹ àkókò jù.

Ẹni tó ràn wá lọ́wọ́ jù níbẹ̀ ni ìyá ẹlẹ́kọ kan. Wọn ò pè é sípàdé lándílọ́ọ̀dù torí ayálégbé ni. Ìyá yìí máa ń jí lóru láti ro ẹ̀kọ, ó sì ń rí gbogbo nǹkan. Ó wò wá tìka-tẹ̀gbin, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ọ̀sán lẹ máa ń wá. Ta ló ń dáná lọ́sàn-án? Ẹ jẹ́ kí wọ́n kírun alẹ́ tán, kí NEPA gbéná dé kí fáànù wọn lè yí, ẹ ó rí wọn." Bí NEPA bá gbé iná dé laago mẹ́wàá, wọ́n á yọ́ òjé laago mẹ́wàá, bí iná ò bá sí, wọn ò ní yọ́ ọ. Nínú gbogbo ìwé tí mo ti kà lórí bí wọ́n ṣe ń wọn afẹ́fẹ́, kò síbi tí wọ́n ti sọ pé kéèyàn lọ béèrè ìgbà tí iná máa ń dé, àmọ́ lọ́dọ̀ wa níbí, ẹ béèrè ẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń jí lóru, ẹ fi ti alága sílẹ̀ ná.

Bá a ṣe sún iṣẹ́ sí ọyẹ́ nìyẹn. Ọyẹ́ náà sì ní wàhálà tiẹ̀. Eruku aṣálẹ̀ láti apá Chad ló ń gbé wá, gbogbo ìlú ló ń fi rẹ́ẹ̀dì hàn lórí ẹ̀rọ, bí yáàdì kankan ò tiẹ̀ dáná rárá. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, lọ́dún 2021 ní kí PM2.5 má kọjá máíkírógíráàmù 15 (máíkírógíráàmù kan ni ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù) nínú mítà kúbíìkì afẹ́fẹ́ kan láàárín ọjọ́ kan, ọyẹ́ wa a máa fò ó kọjá láìwẹ̀yìn. Bàbá onírewáyà mọ̀ bẹ́ẹ̀, àbí ẹnì kan ló kọ́ ọ. Ó ní, "Ọyẹ́ ni, ṣé èmi ni mo ni ọyẹ́ ni?" Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ìdí ẹ̀ la ṣe gbé ẹ̀rọ méjì kalẹ̀, ọ̀kan lókè yáàdì níbi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, ọ̀kan nísàlẹ̀ lórí fẹ́ǹsì ilé ìwé. Lọ́sàn-án méjèèjì jọ ń fi iye kan náà hàn. Tí iná bá wá dé lálẹ́, tòkè á wà níbi tó wà, tìsàlẹ̀ á gbéra sọ. Nígbà tó bá tún di pé NEPA mú iná lọ, á rọra sọ̀ kalẹ̀. Alẹ́ dé alẹ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni ti yáàdì, ìyókù tọyẹ́ ni. Ohun tó tún jẹ́ kó burú ni pé lóru ọyẹ́, ilẹ̀ máa ń tutù ju afẹ́fẹ́ tó wà lókè ẹ̀ lọ, èéfín kì í ráyè gòkè, á kàn tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ìyẹn ti fi hàn pé èéfín ń dé ibẹ̀, kò tíì sọ ohun tó wà nínú èéfín. A bá gbé ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ gba inú bébà fílítà wá, (bátìrì ínfátà la fi gbé e, ẹ rẹ́rìn-ín ẹ) a kó àwọn fílítà lọ sí lábù. Òjé wà lára tìsàlẹ̀ nílé ìwé, ti òkè fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní nǹkankan. Amẹ́ríkà ní kí òjé inú afẹ́fẹ́ má kọjá máíkírógíráàmù 0.15 nínú mítà kúbíìkì kan, láti 2008 ni wọ́n ti já a síbẹ̀, àmọ́ àròpín oṣù mẹ́ta nìyẹn o. Fílítà alẹ́ mélòó kan ò lè dúró fún oṣù mẹ́ta, torí náà a ò kọ ọ́ pé "wọ́n ti rú òfin", a kọ ọ́ pé òjé ń ti yáàdì bọ̀, ó sì ń bọ̀ lálẹ́ tí wọ́n bá dáná. Lọ́yà kan ṣoṣo tó bá mọ iṣẹ́ ẹ̀ á fa ìwé yín ya tẹ́ ẹ bá kọ ju ohun tẹ́ ẹ wọ̀n lọ.

Àfi ìgbà tá a gbé èsì yìí délé baálẹ̀, ni ọ̀rọ̀ bá fẹ́ẹ̀ kú sọ́wọ́ wa. Bàbá onírewáyà dìde, ó ní, "Kábíyèsí ẹ gbọ́. Àwọn yìí ní alẹ́ ni mo ń dáná. Ọmọ ilé ìwé wo ló wà nílé ìwé lálẹ́? Ọmọ wo ló ń fa èéfín mi?" Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Alága lándílọ́ọ̀dù gan-an mirí pé òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, wọ́n ti fẹ́ máa bá a sọ pé kó ṣáà dín wáyà sísun kù.

Ìbéèrè yẹn dáa gan-an, àwọn míì tó kàwé ò lè béèrè ẹ̀. Imú nìkan ni gbogbo wa ń wò, bẹ́ẹ̀ ohun tó bá wà lójú afẹ́fẹ́ kì í dúró sójú afẹ́fẹ́. Òjé wúwo, ó máa ń balẹ̀. Lọ́jọ́ kejì a mú tíṣù funfun tí a ti fomi rin, a nu gíláàsì wíńdò kíláàsì nọ́sìrì, èyí tó kọjú sí yáàdì, tíṣù jáde pẹ̀lú eérú kan tó rí dúdú-ṣe-bí-àwọ̀-ọ̀run, ó ń dán díẹ̀. A nu wíńdò tó kọjú sódì kejì, eruku pupa lásán ló mú. Tíṣà nọ́sìrì wò ó, ó ní, "Àní mo ń fi ọwọ́ gbá a lójoojúmọ́." A bu erùpẹ̀ lábẹ́ jangirọ́fà níbi táwọn ọmọ ń rá sí, a bù lẹ́nu ọ̀nà, a bù lórí àpáta láfún, a lọ bù níbi tó jìnnà tí atẹ́gùn ò ti ní gbé e dé ká lè fi wé e. A tún bomi inú dúrọ́ọ̀mù tó ń gba omi òjò láti orí páànù ilé ìwé, ìyẹn omi táwọn ọmọ fi ń fọwọ́, àwọn kan nínú wọn sì ń mu ún.

Erùpẹ̀ abẹ́ jangirọ́fà kọjá míligíráàmù 400 òjé nínú kílò kan. Ààlà tí Amẹ́ríkà lò fún ibi tọ́mọdé ti ń ṣeré nìyẹn tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó já a sí 200 lọ́dún 2024. Tibi tó jìnnà ò tó nǹkan. Bí ọmọdé ò bá sí níbẹ̀ lálẹ́, òjé ń dúró dè é di àárọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta ń rá ilẹ̀, ń fi ọwọ́ sẹ́nu, WHO sì sọ pé òjé tí ọmọdé bá gbé mì, ara ẹ̀ máa ń gba ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ohun tí ara àgbà máa gbà nínú iye kan náà. Ẹni tó bá wọn afẹ́fẹ́ ọ̀sán nílé ìwé yẹn nìkan, títí ayé, "kò séwu" ló máa kọ.

Níbí ni mo fẹ́ dúró díẹ̀ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe ìṣirò. Fún ọ̀pọ̀ kẹ́míkà inú afẹ́fẹ́, a máa ń mú ìwọ̀n tá a rí, a á fi ìwọ̀n tí wọ́n gbà pé kò lè ṣe èèyàn nǹkankan pín in, tó bá ti ju 1 lọ, ó di ká wádìí síwájú. Tàwọn tó ń fa jẹjẹrẹ bíi bẹ́ńsíìnì, kẹ́míkà kan tó wà nínú epo bẹntiróòlù, yàtọ̀, WHO ní ẹni tó bá fa máíkírógíráàmù 1 nínú mítà kúbíìkì kan jálẹ̀ ayé ẹ̀, nínú mílíọ̀nù irú ẹ̀, èèyàn bíi mẹ́fà ló lè ti ibẹ̀ ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Òjé ò gba ìkankan nínú méjèèjì dáadáa fọ́mọdé, torí wọn ò tíì rí ìwọ̀n kankan tí wọ́n lè sọ pé kò ṣe ọpọlọ ọmọ ní nǹkankan. Kí lẹ fẹ́ fi pín in? Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì ti ṣírò ẹ̀ jáde, 0.7 ló rí, ó fẹ́ kọ pé kò séwu. A ní kó pa á rẹ́. Tọ́rọ̀ bá ti di òjé àti ọmọdé, ẹ̀jẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ yẹ̀ wò.

Ẹ̀jẹ̀ yẹn gan-an ló fẹ́ tú wa ká. Ẹ dé ilé ìwé kan l'Ógbómọ̀ṣọ́ kẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ lọ́wọ́ àwọn òbí, ẹ wo ohun tójú yín á rí. Wọ́n ní a fẹ́ lọ fi ṣòògùn, wọ́n ní ìbò ló ń bọ̀, àwọn kan kó ọmọ wọn pamọ́ sílé. Ohun tó tú u ni nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé àdúgbò náà, tọ́mọ tiẹ̀ wà ní praímárì tú, ó na ọwọ́ ọmọ ẹ̀ síwájú àwọn ìyá yòókù, òun ló kọ́kọ́ fà. Inú iṣan la ti fà á, a ò gún ìka, torí òjé tó bá wà lára àwọ̀ ìka lè ba èsì jẹ́, yóò dà bíi pé inú ẹ̀jẹ̀ ló ti wá. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti gún ìka ọmọ tí wọn ò fọ ọwọ́ ẹ̀, tí wọ́n wá ń fi èsì dáyà já ìyá ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì yìí náà ló ní ká má fi ti ọmọ ilé ìwé nìkan mọ, ká gba tàwọn ọmọ òṣìṣẹ́ yáàdì, ká sì bẹ bàbá onírewáyà fún tọmọ ẹ̀ kékeré. Bàbá kọ́kọ́ kọ̀. Ìyàwó ẹ̀ ló gbé ọmọ wá nígbà tí ọkọ ò sí nílé. WHO ní tí òjé bá ti tó máíkírógíráàmù 5 nínú dẹ́sílítà ẹ̀jẹ̀ kan (ìdá mẹ́wàá lítà), ká wá ibi tó ti ń bọ̀, ká sì gé e. Ọ̀pọ̀ ọmọ nọ́sìrì kọjá 5. Ọmọ bàbá onírewáyà àtọmọ méjì tí bàbá wọn ń la bátìrì ló ga jù nínú gbogbo wọn, wọn ò sì lọ ilé ìwé yẹn rárá. Aṣọ iṣẹ́ ló ń gbé e lọ bá wọn, bàbá á dé, á gbọ́mọ mọ́ra, ìyá á kó aṣọ pọ̀ fọ̀ nínú báfù ọmọ.

Ọmọ kankan ò dé 45, ibi tí WHO ti ní kí ọmọdé gba oògùn tó ń fa òjé jáde lára, ìyẹn la dúpẹ́ sí. Gbogbo wa rántí Zamfara lọ́dún 2010, ọmọ tó lé ní irínwó tí òjé ibi ìwakùsà góòlù pa. Àwọn tiwa, dókítà ní kí wọ́n jẹ ẹ̀fọ́, ẹja wẹ́wẹ́, wàrà, kí wọ́n fún wọn lóògùn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ò bá tó, torí ọmọ tí ò ní irin àti kálísíọ́ọ̀mù lára dáadáa ni ara ẹ̀ máa ń gba òjé jù.

Èsì ọmọ ẹ̀ ló yí bàbá onírewáyà lọ́kàn padà, fílítà wa kọ́, ìpàdé baálẹ̀ kọ́. Fọ́tò onílámíńétì yẹn, òun fúnra ẹ̀ ló já a lára ògiri.

Àwọn lándílọ́ọ̀dù fẹ́ ká lé e lọ sí abúlé. A kọ̀ jálẹ̀, torí abúlé náà lọ́mọ, ibẹ̀ kò sì ní sí ẹni tó máa kọ̀wé ẹ̀sùn. Ohun tá a fi síbẹ̀ ni pé kò gbọ́dọ̀ la bátìrì mọ́, kò gbọ́dọ̀ yọ́ òjé mọ́, á kàn máa ra bátìrì ní odindi, á máa tà á ní odindi fáwọn tó ní ilé-iṣẹ́ tó lẹ́rọ. Owó ẹ̀ dín kù, ó ń kùn, n ò bá a jà, torí ẹni tó ń fowó yẹn tọ́ ọmọ ló ń sọ̀rọ̀. Ilé ìwé ha erùpẹ̀ òkè kúrò, wọ́n da yangí tuntun sí i, wọ́n ń fi àkísà tútù nu wíńdò dípò ìgbálẹ̀ gbígbẹ, dúrọ́ọ̀mù abẹ́ páànù ti di ti òdòdó. Àpáta láfún ló kù díẹ̀ káàtó. Ìyá kan kó kúrò, ìyá kejì ní bàbá òun àgbà ti sá láfún síbẹ̀ kí wọ́n tó ṣe bátìrì láyé. Tarpólì la bá a rà tó ń tẹ́ sílẹ̀ báyìí, ó sì ń fọ̀ ọ́ nígbà tó bá rántí.

Erùpẹ̀ yáàdì fúnra ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, wọ́n da kọnkéré bò ó, ibi tí wọ́n máa kó o lọ ni ò tíì yéni, torí ààtàn lásán ò gbà á. Tí irú ẹjọ́ yìí bá dé ọwọ́ yín, ẹ ti béèrè ìyẹn láti ìpàdé àkọ́kọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ẹni tó máa sanwó ẹ̀, kí gbogbo wọn tó dìde kúrò níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà, a ti fà á lẹ́ẹ̀kejì, ó ń wálẹ̀, ti ọmọ bàbá onírewáyà ló ń falẹ̀ jù, nọ́ọ̀sì sì ní òun fura sí mátìrẹ́ẹ̀sì tí wọ́n gbé láti yáàdì wọlé. Òun la máa lọ yẹ̀ wò lọ́yẹ́ tó ń bọ̀.